Bàbá Mi Kò Fẹ́ Àga

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò lórúkọ ní èdè Yorùbá, mi ò sì bá èdè wa jà lórí ìyẹn. Plásà kan wà nítòsí Post Office ní Maiduguri. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta fóònù. Bí ènìyàn bá gun àtẹ̀gùn, á bá yàrá kan tí wọ́n kùn ní dúdú. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbé awò ńlá kan wọ ojú, tí wọ́n á sì bá ara wọn lórí òkè, tàbí nínú mọ́tò eré ìje, tàbí nísàlẹ̀ òkun láàárín ẹja. VR ni àwọn tó kàwé ń pè é. Tabarau ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Gwange ń pè é, ìyẹn awò ojú lédè Hausa, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé kí n gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, kí n wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kí n sì bá a yan géèmù: ti ìjókòó ni àbí ti ìdúró? "A zaune ko a tsaye?" Ìbéèrè yẹn ni mò ń bi ènìyàn láti àárọ̀ títí a ó fi tilẹ̀kùn.

Ó jọ ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awò yẹn á parọ́ fún ojú, ojú á sì lọ parọ́ fún ẹsẹ̀. Ẹni tó dúró lórí táìsì gbẹ, tí ojú rẹ̀ ń sọ fún un pé inú ọkọ̀ ojú omi ló wà, ara rẹ̀ á máa bá ọkọ̀ náà fì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, á fì, á sì padà dúró. Bí kò bá le, ilẹ̀ ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán àlejò wò kí a tó fún un ní ti ìdúró: á di ojú, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èmi á sì ka ɗaya, biyu, uku títí dé mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbọ̀n, àga ni. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìdánwò yìí ju géèmù lọ, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àgbàlagbà ń kọ́? Ta ni yóò sọ fún bàbá onírùngbọ̀n funfun pé kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àkùkọ tí òjò pa? A kì í ka ìka lójú oníka mẹ́sàn-án. Mo wá ní ọgbọ́n tèmi. Mo máa ń wo àgbà láti ìgbà tó bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń wá ògiri, kó tó dé òkè mo ti gbé àga kalẹ̀, mo ti nù ún, mo ti kí i, mo sì ti sọ fún un pé géèmù yìí, ìjókòó ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ṣe é. Irọ́ ni. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí kí n tó pa á. Wọ́n á jókòó pẹ̀lú ọlá, wọ́n á sì lọ sílé ní odindi.

Ìlú wa ti kọ́ mi ní nǹkan mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ náà. Géèmù ìbọn wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá mi fi pa gbogbo wọn rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jókòó àfi kí ẹ̀yìn àga wọn kan ògiri, nítorí wọn ò lè fara da kí ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn wọn. Ọmọbìnrin kan wá láti ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà lè fi abúlé òun han òun. Mo ní rárá. Ó ní kò burú, ó jókòó, ó sì wo ẹja títí àkókò rẹ̀ fi tán. Irú ilé eré tí a ní nìyẹn.

Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ẹja gbígbẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Á wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Baga létí adágún Chad, á ra ẹja níbẹ̀, á sì kó o bọ̀ ní Maiduguri. Nígbà tó yá ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́lé sí Gwange, ó bí gbogbo wa síbẹ̀. Hausa ni mo fi ń lá àlá, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà kí a sọ ọ́ nínú pálọ̀ rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé, á ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, títí n ó fi kúnlẹ̀ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Yorùbá. Ìwà rẹ̀ le, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tó ń dùn mí.

Òun ló jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí, fárígá. Ó ní kí ni ọmọbìnrin Mùsùlùmí ń wá nínú yàrá dúdú tí ọkùnrin ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde? Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Kì í ṣe olè ló lọ jà." Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ọ̀hún parí. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹsẹ̀ bàbá mi ti ń dẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ tọ ògiri láti yàrá rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀. Ìyá mi náà rí i. Bàbá ṣubú lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kèké, ó ní òkúta ni. Kò sí òkúta níbẹ̀. Àwa méjèèjì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òkúta burúkú ni.

Ọ̀sán Sátidé kan ni bàbá mi wá síbi iṣẹ́ wa. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, ọkùnrin tó máa ń dúró sẹ́yìn àwọn àlejò ọkùnrin kí wọ́n má baà ṣubú, ti lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì méjì ló wà nínú yàrá, wọ́n ń dúró dè é. Mo gbọ́ ikọ́ bàbá mi lórí àtẹ̀gùn kí n tó rí i. Mo lọ wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ògiri, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí tó fi dé òkè.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Mo dìde, mo gbé àga, mo nù ún.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ní ibi tí wọ́n ti ń pẹja."

Mo ní, "Ó wà, Bàbá. Ẹ jókòó, ìjókòó ni wọ́n fi ń ṣe é."

Ó wo àga náà, ó wò mí. "Mo ti rí àwọn apẹja tó pọ̀ ju irun orí rẹ lọ ní Baga. Ta ló ń jókòó sójú omi ju àwọ̀n? Ṣé mo ti di ẹni tí wọ́n ń gbé àga fún ni?"

Àwọn ọmọ méjì yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rí bó ṣe fi ọwọ́ ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú wọn dùn. Ọ̀kan pàtẹ́wọ́. "Baba jarumi!" ló wí, ìyẹn ni pé akọni ni bàbá yìí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó lè mú kó jókòó mọ́.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Bó bá jẹ́ bàbá ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti rí irọ́ dídùn mìíràn pa: ẹ̀rọ ti gbóná, ẹ padà wá lọ́la, ẹ jẹ́ kí a dúró de ẹnìkejì mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Mi ò tíì já a ní koro rí láyé mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ojú àlejò. Kí n ní kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n ka mẹ́wàá? Ahọ́n mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ní láti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣí fìlà rẹ̀, nítorí mi ò lè fi ọwọ́ mi ṣí fìlà lórí bàbá mi. Ó ṣí i, ó fún mi mú. Mo gbé awò wọ̀ ọ́, mo sì fa okùn rẹ̀ le.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Omi." Ó tún un sọ. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ha, omi rèé o. Wọ́n ní ó ti gbẹ, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè lọ síbẹ̀ mọ́. Omi rèé." Kì í ṣe Chad ni, adágún tí àwọn kan yà sínú ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, inú tèmi náà sì dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Inú mi dùn.

Páàdì méjì ni géèmù náà ń lò. Ọ̀kan ni ọ̀pá ìpẹja, ìkejì ni a fi ń fa okùn. Ti ọwọ́ ọ̀tún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja kan gbé ìwọ̀, ó ní, "Ó ti mú un! Gbé ìkejì wá!" Mo mú páàdì kejì, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó nà án sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó rán mi. Awò ti bo ojú rẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá mo dúró tàbí mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mi ò gbé ife omi fún bàbá mi ní ìdúró rí, eékún mi ti mọ̀ ọ́n ṣe kí orí mi tó gbọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ inú ẹ̀rọ fì, tí bàbá mi na ọwọ́ òsì láti di etí ọkọ̀ náà mú. Ó rí etí ọkọ̀. Ó fi gbogbo ara tì í. Kò sí etí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì fi ìbàdí lu ilẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná tí kò gbẹ dáadáa. Bí mo bá dúró ni, ọwọ́ mi ìbá bá a.

Àwọn ọmọ méjì yẹn ló bá mi gbé e. Kò ké. Ó gba fìlà rẹ̀, ó dé e, ó ní kò sí nǹkan, òun kan fẹ́ lọ sílé ni. Wọ́n fi ọwọ́ há a sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ dáadáa. Mo ti yàrá pa, mo pe kèké. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Gwange kí ó tó sọ̀rọ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Balùwẹ̀ ni mo ti ṣubú."

Mo ní, "Bàbá?"

"Mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìwọ wá sílé wá mú nǹkan, o sì bá mi níbẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbọ́ òmíràn, o ò ní í jáde nílé mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Kò sẹ́ni nílé. Ìyá mi ti lọ sí ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Monday Market. Bàbá mi kò gbà kí n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n mú òun lọ sí balùwẹ̀, kí n gbé òun jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀, nítorí ìyá mi ti fọ̀ ọ́ kó tó jáde, omi kì í sì í tètè fà níbẹ̀. Èmi kò ronú kan ọṣẹ yẹn. Bàbá mi náà kò ronú kàn án. Mo gbé e jókòó sínú omi náà bó ṣe pa á láṣẹ, mo da kẹ́tùrù àlùwàlá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ń dúró de ìyá mi. Ìrora mú kó máa gbọ̀n. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Ìyá mi dé, ó gbọ́ ohùn mi, ó wá sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Àpò tó gbé bọ́ sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Mo fọ̀ ọ́! Mo fọ ilẹ̀ yìí láàárọ̀! Áà, Àlájì, mo ti pa yín!"

Bàbá mi ṣíjú wò mí. Mo rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣe ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa á dé. Ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni, ìyá àwọn ọmọ. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ." Ìyá mi kò gbọ́ ọ, ẹkún ló ń sun. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń bi mí bó ṣe jẹ́. Mo dáhùn. Mo sọ ọ́ bí Bàbá ṣe kọ́ mi, láìṣì ọ̀rọ̀ kan.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Kò dìde kúrò lórí ìdùbúlẹ̀ náà. Ikọ́ wọ àyà rẹ̀, mímí di iṣẹ́. Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mi ò wá síbi iṣẹ́, mo ní bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bi mí, mo sọ ohun kan náà. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti lè sọ bí kẹ́tùrù náà ṣe dún nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán kan tí èmi àti òun nìkan wà, mo sọ fún un pé mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún Màmá. Ó ní kí n dúró títí òun fi máa dìde, òun fúnra òun á sọ ọ́, á sì di ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló kú, a sì sin ín lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyá mi wọ opó. Àwọn obìnrin ń wá kí i, Yorùbá, Hausa àti Kanuri, olúkúlùkù sì ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyá mi kò fi ẹnì kankan sílẹ̀ láìsọ fún. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ tó bù, á sọ pé ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á sọ pé òun ò da omi sí i tó nítorí òun ń kánjú lọ ọjà. Wọ́n á ní "Haƙuri, Hajiya," ìyẹn ni pé kó ní sùúrù. Wọ́n á lọ. Ẹlòmíràn á wọlé, ìyá mi á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ. Kò fi ọṣẹ kan ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn mọ́. Yanrìn ló fi ń ha á, ìka rẹ̀ sì ti ń bó.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa fi lé e bá. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé Gwange.

Oṣù kẹta opó rẹ̀, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Àwọn àlejò ti lọ. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àtẹ̀gùn, àga, omi inú ẹ̀rọ, eékún mi, kèké, bí a ṣe gbé Bàbá jókòó sínú omi ọṣẹ. Mo ń sunkún débi pé mo tún àwọn ibì kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni."

Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Ó ṣa òkúta kan jáde, ó jù ú nù.

Ó ní, "Mo bá a lórí ilẹ̀ yẹn fúnra mi. Omi ọṣẹ rin aṣọ rẹ̀. Èmi ni mo fọ ṣòkòtò náà."

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ọkọ mi kò parọ́ fún mi rí, láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀." Ó wá wò mí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe rí i rí láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi lọ. "Mo ti ń rí i lójú rẹ pé ìyà tó ń jẹ mí ń dùn ọ́. Mo mọ̀ pé o máa wá nǹkan kan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n má ru ẹrù tí kì í ṣe tìrẹ nítorí mi, ọmọ mi."

Mo ní, "Màmá, òtítọ́ ni," ṣùgbọ́n ó ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ti ń ṣàdúrà. Ó ní ọmọ rere ni mí. Ó ní ohun tí mo fẹ́ ṣe fún òun yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tèmi náà ṣe é fún mi lọ́jọ́ tó bá kàn mí. Ó ń dúró dè mí.

Mo ṣe àmín.